Ọmọ Ló Kọ Ọ́, àbí Fóònù Ló Kọ Ọ́?

  Ọ̀rọ̀ ilé ìwé la tún gbé dé. Ti owó ilé ìwé kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ń fún ọmọ gbé wálé la fẹ́ sọ, torí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ láàárín òbí àti olùkọ́, àwọn ọmọ ló sì ń fojú winá rẹ̀.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní IA, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní AI. Àwọn onímọ̀ Yorùbá kan ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, orúkọ náà sì bá a mu. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé ChatGPT jáde fún gbogbo ayé, lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń rọ́ dé. Ọmọ á ya fọ́tò ìbéèrè tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, á fi ránṣẹ́ sí i. Kí ó tó mu omi tán, exposé ojú ìwé mẹ́ta ti délẹ̀, pẹ̀lú Faransé tó ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Iṣẹ́ tó kù fún ọmọ ni kó fi bíkì dà á kọ sínú ìwé. Ní tiwa níbí, ìwé tí a fọwọ́ kọ ni olùkọ́ ń gbà, nítorí náà àwọn kan rò pé ewu ò sí. Ọwọ́ ọmọ ló kọ ọ́ lóòótọ́. Orí tó rò ó ni kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn kan á ní, kí ló wá burú níbẹ̀? Olùkọ́ ni wọ́n tàn, olùkọ́ á sì gba owó oṣù rẹ̀ bákan náà. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì nínú kíláàsì kan náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan wà ní Lomé, ó ti fi fóònù ńlá ránṣẹ́ sí i, mégà kì í sì í wọ́n ọn. Èkejì, fóònù kékeré olóbọ́tìnnì tí bàbá rẹ̀ fi ń pe àwọn oníbàárà ni gbogbo ilé ń pín lò. Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ nípa ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi abúlé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ọmọ kejì yìí ò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti lọ sí Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lomé. Ó mọ iye tí wọ́n ń ra àgbàdo lọ́wọ́ bàbá òun nígbà ìkórè, ó sì mọ iye tí wọ́n ń tà á padà fún wọn nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Ó kọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ Faransé rẹ̀ ń tiro. Olùkọ́ fún un ní 9 nínú 20. Ọmọ fóònù gba 16. Irú àwọn nóòtì yìí ni wọ́n máa kó pọ̀ láti fi mọ ẹni tó máa bọ́ sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e àti ẹni tó máa tún kíláàsì ṣe. Nínú ilé mìíràn, ẹni tó bá tún kíláàsì ṣe lẹ́ẹ̀mejì, oko ló ń lọ. Olùkọ́ kọ́ ni ọmọ fóònù rẹ́ jẹ. Ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ló rẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n kí àwa àgbà má ṣe bí ẹni pé fóònù ló mú irọ́ wọ ilé ìwé. Ṣé a ti gbàgbé ẹ̀gbọ́n tó ń bá àbúrò ṣe iṣẹ́ ilé látòkè délẹ̀? Ṣé a ti gbàgbé répétiteur tí àwọn olówó ń gbà sílé, tí òun gan-an sì ni ó ń kọ ìwé tí ọmọ ń gbé lọ? Ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọ́n á ta iṣẹ́ àṣekágbá fún ọ, orúkọ rẹ nìkan ni wọ́n máa fi síbẹ̀. Iye owó rẹ̀ ló yí padà. Irọ́ tí ọmọ olówó nìkan ń rà tẹ́lẹ̀ ti wá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Nígbà tí àwọn díẹ̀ ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, a ò kúkú gbọ́ ariwo.

Ìfura tó tẹ̀ lé irọ́ náà dùn wá ju irọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé wa, ọmọbìnrin kan wà tó ń kàwé ní lycée kan tí a ò ní dárúkọ. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń ka ohunkóhun tó bá rí: àwọn ìwé àtijọ́ tí àbúrò ìyá rẹ̀ kó ti Sokodé bọ̀, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà, ìwé tó bá oògùn wá látinú páálí. Ó kọ àròkọ kan nípa ọjà. Olùkọ́ kà á, ó ní Faransé yìí ju ti ọmọ abúlé lọ. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ kan lórí fóònù rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ IA mọ̀. Ẹ̀rọ ní IA ló kọ ọ́. Òdo. Wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sókè ìwé, wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì.

Àwa mẹ́ta la lọ. A ò lọ jà. A kí olùkọ́ bó ṣe yẹ ká kí i, a ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún un ní àkọlé mìíràn, kó jókòó síwájú yín níbí kó kọ ọ́. Olùkọ́ ní ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, pé ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni, kò sì lè ṣe ojúsàájú. Ọ̀gá ilé ìwé ló dá sí i. Ọmọ jókòó fún wákàtí kan, kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ojú ìwé méjì. Wọ́n pa òdo rẹ́, wọ́n fún un ní 14. Olùkọ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú o. Kíláàsì rẹ̀ kún, ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ sì ti tàn án jẹ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọmọ náà ti yí ìkọ̀wé rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tó bá rẹwà, á fi í sílẹ̀. Gbólóhùn tó bá gùn, á gé e. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tún pe òun ní olè. Ọmọ tó mọ̀wé ń fara pamọ́ sáàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sọ yẹn, pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, ló mú wa lọ wádìí. OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra rẹ̀ gbé irú ẹ̀rọ adánimọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Wọ́n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé nínú 100 ìwé tí IA kọ, 26 péré ló ń dá mọ̀, àti pé nínú 100 tí èèyàn kọ, ó ń purọ́ mọ́ 9. Kí oṣù keje ọdún kan náà tó parí, wọ́n ti kó o kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kò péye tó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wa lọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yẹn náà, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kó 91 àròkọ jọ, èyí tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL. Wọ́n kó o fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe nǹkan bí 61 nínú 100 ní iṣẹ́ IA, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló kọ gbogbo rẹ̀. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣi ọ̀kan mú níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ yìí ń wò ni bóyá ó rọrùn láti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí a tó kà á. IA máa ń yan ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀. Ẹni tó fi ilé ìwé kọ́ èdè náà ń yan ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀, torí òun ló dá a lójú pé òun ò ní ṣì lò.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yẹn, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Faransé. Wọ́n ní ká há a sórí: báyìí la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ dissertation, báyìí la ṣe ń ti apá kìíní bọ́ sí apá kejì, báyìí la ṣe ń parí rẹ̀. « De nos jours », « force est de constater », « en somme ». Ta ni kò há a sórí nínú wa? Ọmọ tó bá fara balẹ̀ ṣe ohun tí olùkọ́ kọ́ ọ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ nawọ́ mú.

Kí a tó fi ẹ̀rọ ṣe adájọ́ ọmọ wa, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Èsì ìdánwò JAMB jáde. Nínú àwọn tó lé ní 1,900,000 tó ṣe é, àwọn tó lé ní 1,500,000 ni kò gba tó 200 nínú 400. Ìlú gbóná. Wọ́n ní ọmọ òde òní ò kàwé mọ́, TikTok ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, jáde síta ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ó gbà pé ẹ̀bi àwọn ni, ó sì sunkún lójú gbogbo ayé. Àwọn ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá tún un ṣe. Wọ́n ti bú wọn ná.

A ò sọ pé ọmọ kì í ṣe màgòmágó o. Lọ́dọ̀ JAMB yìí kan náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ròyìn pé àwọn rí 4,251 tí wọ́n ti da àmì ìka èèyàn méjì pọ̀, àti 190 tí wọ́n ti fi IA da ojú èèyàn méjì pọ̀ di fọ́tò kan, kí ẹlòmíràn lè bá wọn jókòó ṣe ìdánwò. Ní Ṣáínà, lásìkò gaokao tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ IA ńlá ibẹ̀ ti ibi tí ọmọ ti lè fi fọ́tò ìbéèrè ránṣẹ́ pa. Algeria àti Mauritania ti máa ń pa íntánẹ́ẹ̀tì gan-an lásìkò ìdánwò àṣekágbá. Ìyẹn ti le jù lójú tiwa, torí ìyá tó ń gba owó ọjà lórí fóònù kò ṣe ìdánwò kankan. BEPC àti BAC sàn díẹ̀, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ṣe é, olùṣọ́ wà lórí wọn. Iṣẹ́ ilé ni kò ní olùṣọ́.

Bẹ́ẹ̀, a ti ní oògùn rẹ̀ nílé tipẹ́. Ta ló lọ ilé kéwú nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n? Àlùfáà á kọ ọ̀rọ̀ sórí wàláà fún ọ, wàá gbé e lọ sílé. Ẹni tó bá wù ọ́ lè ràn ọ́ lọ́wọ́, bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ. Àlùfáà kì í bèèrè ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ìwọ nìkan ló máa jókòó síwájú rẹ̀, ẹnu ara rẹ lo sì máa fi kà á. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kó o fọ wàláà náà kọ òmíràn. Iṣẹ́ télọ̀ náà nìyẹn. Ọ̀gá lè máa fi bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ hàn ọ́ fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá ọ sílẹ̀, ìwọ lo máa di sísọ́ọ̀sì mú lójú gbogbo wọn.

Ohun tí a ń bẹ àwọn olùkọ́ wa fún nìyẹn. A mọ̀ pé ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, kò sí bí ẹnì kan ṣe máa gbọ́ tẹnu ọgọ́rin ọmọ lórí exposé kan. Kí wọ́n kọ orúkọ sórí bébà kéékèèké, kí wọ́n ká a sínú fìlà, kí wọ́n mú márùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ bá jáde, kó dìde, kó ṣàlàyé ojú ìwé kejì. Nígbà tí wọn ò bá mọ ẹni tó kàn, gbogbo wọn á lọ ka ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ tí Faransé rẹ̀ ń tiro náà á lè sọ ohun tó mọ̀ nípa àgbàdo bàbá rẹ̀, olùkọ́ á sì gbọ́.

Kí àkọlé náà sì súnmọ́ ilé. A bi ẹ̀rọ yìí léèrè nípa Goubi. Kò sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó sọ ìtàn kan tó gún régé fún wa, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tẹ ìlú dó, orúkọ tí kò sí àgbà kan nínú wa tó gbọ́ ọ rí. A kọ èdè wa sí i, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní Nago ti Manigri àti Kambolé. Ó fi Yorùbá inú ìwé dá wa lóhùn, àmì ohùn rẹ̀ dorí kodò. Kò yà wá lẹ́nu, ohun tí èèyàn bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ta ló sì kọ tiwa síbẹ̀? Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ lọ bi ìyá àgbà kan bí wọ́n ṣe ń ṣe òrí, kó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti orí èso dé orí igbá, àti orúkọ tí à ń pe ohun èlò kọ̀ọ̀kan nílé wa, fóònù ò lè bá a ṣe é. Yóò dìde lọ bi í ni.

Ibì kan wà tí a ò fara mọ́ àwọn tó ní kí wọ́n gba gbogbo fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ní abúlé, ó lè ṣẹlẹ̀ kí olùkọ́ físíìkì má dé títí sáà kan á fi parí. Níbòmíràn, olùkọ́ volontaire tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ló ń gbé ilé ìwé ró. Ọmọ Lomé lè ní répétiteur. Bí ọmọ Goubi bá bi fóònù pé, jọ̀ọ́, ṣàlàyé ìṣirò yìí fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kẹta, tí kò sì bínú sí i, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tó kàn, irú olè wo ló jà? Kó kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé mo bi IA nípa èyí àti èyí. Kí olùkọ́ má sì tìtorí pé ó sọ òtítọ́ yọ nóòtì rẹ̀. Níbi tí ẹni tó sọ ọ́ ti ń pàdánù, tí ẹni tó dákẹ́ sì ń gba 16, kí la fẹ́ kí ọmọ kọ́?

Àwa òbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ka Faransé, a sì rò pé ìyẹn yọ wá kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò yọ wá. Ọmọ tó bá gbé 17 wálé, kí ìyá rẹ̀ ní: ó dáa, jókòó, sọ ohun tó o kọ fún mi lédè wa. Ọmọ tó yé máa wá ọ̀rọ̀ títí yóò fi rí i. Èyí tí kò yé á máa ka Faransé sí ìyá rẹ̀ létí. Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kan á dá a mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

A ti dán an wò nínú ilé mélòó kan. Ọmọkùnrin kan gbé exposé rẹ̀ lórí ibà wá, 15 ló gbà, inú bàbá rẹ̀ dùn. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó dé orí ẹ̀fọn. Ìyá àgbà tó wà lórí ẹní bi í pé, akọ ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri ni, àbí abo? Ọmọ dákẹ́. Abo ni, ó sì wà nínú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ní ojú ìwé kìíní, kò kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú exposé mìíràn wá fúnra rẹ̀, ó ní kí ìyá àgbà bi òun ní ohunkóhun.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ tó wà ní Sokodé, Kara àti Lomé bá wálé ìsinmi, a fẹ́ máa ṣe é ní gbangba ní Goubi, alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú iṣẹ́ kan tó ṣe lọ́dún yìí wá, á sọ ọ́ lédè wa, àwọn ìyá àti bàbá àgbà á sì bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀yin olùkọ́, a fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀, àga yín á wà níwájú. Ẹ̀yin Kambolé àti Tchamba, bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ jẹ́ ká gbọ́, kí a má baà mú ọjọ́ kan náà. Àwa tó kù, kí oníkálukú mú àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání.